Ẹ̀wọ̀n táńkì 1/35: ṣé gúlù olómi ni àbí èyí tó ki?

Oníbèéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí mọ́dẹ́ẹ̀lì. Tiger I, táńkì ogun Jámánì, ló wà lórí tábìlì mi, ìwọ̀n 1/35 (ó kéré ju táńkì gidi lọ ní ìlọ́po 35). Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ègé 96 ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wà lára férémù (ọ̀pá ike tí a ti ń gé ègé kúrò), kì í ṣe rọ́bà alápapọ̀, irú tó jẹ́ ọ̀já kan ṣoṣo. Gúlù olómi, irú Tamiya Extra Thin, ni gbogbo ènìyàn ń júwe. Mo fi lẹ ègé 20 pọ̀, ó mú dáadáa lórí tábìlì. Bí mo ṣe fẹ́ yí i mọ́ wíìlì eléyín (èyí tó ń fi eyín rẹ̀ fa ẹ̀wọ̀n) báyìí, ó já sí mẹ́ta. Ẹnìkan ní súpà gúlù ni kí n lò, ẹlòmíràn ní gúlù tó ki. Èwo ni ká gbọ́? Kí ló sì dé tí gúlù tó lẹ ara táńkì pinpin kò lè lẹ ẹ̀wọ̀n?

*

Onísùúrù

Kò sí ohun tó ṣe gúlù yẹn. Àkókò ni ẹ kò bá a mu.

Gúlù ike kì í ṣe àtè. Ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì. Ike tó yọ́ níhìn-ín á wọnú èyí tó yọ́ lọ́hùn-ún, omi gúlù á fò lọ, ohun tó kù á di ike kan ṣoṣo. Láàárín ìgbà tó yọ́ àti ìgbà tó gan, àsìkò kan wà tí oríkèé máa ń dà bí awọ tútù: ó ti mú, kò tíì le. Àsìkò awọ yẹn ni ẹ̀wọ̀n ṣeé yí mọ́ wíìlì. Acetone àti butyl acetate, omi méjì tó ń yọ́ ike, ló wà nínú Extra Thin, kò sí ike yíyọ́ kankan nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè fò lọ. Lára oríkèé tó tín-ín-rín, àsìkò awọ rẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Nígbà tí ẹ fi máa lẹ ègé kẹtàdínlógún, èyí tí ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ti gan. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́, ibi tó gan ló dá.

Ní ti ìbéèrè yín kejì: ojú tí gúlù ń lẹ lára ara táńkì gùn, ó sì fẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ní ti ègé ẹ̀wọ̀n, orí ìka kéékèèké mélòó kan péré, tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ, ni wọ́n fi kan ara wọn.

Nítorí náà, gúlù tó ki, irú èyí tí wọ́n ti yọ́ ike sínú rẹ̀. Ó ń pẹ́ kó tó gan, ó sì ń fún yín láyè.

*

Abẹ́rẹ́

Ẹ má tíì dá wọn lẹ́jọ́. Ike wo ni? Ìbéèrè yẹn ló ṣáájú.

Ẹ gé ìdí férémù kékeré kan, ẹ fi búrọ́ṣì kan gúlù ike sí i, ẹ kà dé mẹ́wàá, kí ẹ sì tẹ ègé férémù mìíràn mọ́ ọn. Bí ojú rẹ̀ bá ń dán, tó ń lẹ̀ mọ́ra, tó sì ń fa okùn tín-ín-rín nígbà tí ẹ bá yà wọ́n, polystyrene ni, irú ike tí gúlù ike ń yọ́, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ó bá dà bíi pé omi lásán ni ẹ dà sí i, tó gbẹ tí kò yí padà, kò sí gúlù ike kankan tó máa lẹ ẹ́, bó ki, bó ṣàn. Nígbà mìíràn wọ́n tilẹ̀ máa ń tẹ orúkọ ike sára férémù: PS (polystyrene), ABS, PE. Èyí tó bá jẹ́ ABS á yọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní lágbára. Gúlù tí wọ́n ṣe fún ABS, tàbí omi tó ń jẹ́ butanone, ló tọ́ sí i. PE kò fẹ́ gúlù kankan, ẹ má ba àkókò yín jẹ́.

Ìdajì àwọn tó ń bú gúlù ni kò ṣe ìdánwò ìṣẹ́jú kan yìí.

*

Ìkánjú

Ọ̀gá Onísùúrù, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Gúlù tó ki ń ba ẹ̀wọ̀n jẹ́. Ó ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ń dí ihò tí eyín wíìlì yẹ kó wọ̀, ó sì ń bo àmì kékeré tó wà lójú ègé. Lórí ẹ̀wọ̀n tó ní ihò bíi ti Tiger, ihò tó dí túmọ̀ sí pé eyín kò ní wọlé. Ẹ wá fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò ègé 96 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ fún mi bó ṣe rí.

Ohun tí Oníbèéèrè ṣe tó fi já ni pé ó lẹ ègé 20 lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí ẹ máa lẹ̀. Ẹ tò wọ́n gbẹ, ẹ fi orí búrọ́ṣì kan ojú oríkèé lẹ́ẹ̀kan péré, gúlù á fà wọlé fúnra rẹ̀ bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ gbé e mọ́ wíìlì. Èyí tó bá ti gan jù, ẹ tún fi gúlù kan inú oríkèé rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, á tún rọ̀.

*

Onísùúrù

Ó máa rọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kò burú. Nígbà tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ike ibẹ̀ ti jẹ, ìka tó so ègé pọ̀ ti di pẹlẹbẹ, ègé náà á sì súnmọ́ èkejì ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo ìṣirò yìí. Lórí Tiger gidi, láti oríkèé kan dé èkejì jẹ́ mìlímítà 130. Ní 1/35, ìyẹn jẹ́ 3.7. Ègé 96 fi díẹ̀ ju mìlímítà 356 lọ. Bí oríkèé kọ̀ọ̀kan bá súnmọ́ra jù, tàbí tó jìnnà jù, ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà péré, tí ojú kò lè rí, àṣìṣe yẹn á di mìlímítà 9.6 ní ìparí. Ó ju ègé méjì àbọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá sọ pé iye ègé tí ìwé ìtọ́ni kọ kò tọ̀nà.

Ti gúlù tó ń jáde, òótọ́ ni ẹ sọ. Búrọ́ṣì inú ọmọrí ìgò ló ń fà á: ó tóbi jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ kán gúlù tó ki díẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ tí ẹ kò nílò mọ́, ẹ fi orí igi ìtayín tí ẹ ti gbẹ́ mú bu ìwọ̀n irúgbìn ewédú, kí ẹ fi sí ojú ìka ègé kan ṣoṣo, kì í ṣe méjèèjì. Tàbí ẹ lo èyí tó ní ọ̀pá abẹ́rẹ́ irin lẹ́nu, irú Revell Contacta Professional. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá dí, wáyà tín-ín-rín ni kí ẹ tì bọ̀ ọ́, ẹ má fi iná sí i: ohun tó wà nínú rẹ̀ ń gbaná.

*

Ẹlẹ́sẹ̀irin

Gbogbo ìyọnu yìí nítorí ẹ̀wọ̀n! Súpà gúlù olómi, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó parí.

*

Abẹ́rẹ́

Ó parí lóòótọ́, nítorí kò sí ohun tí ẹ tún lè yí padà. Súpà gúlù kì í yọ́ ike. Ó ń di gíláàsì kékeré láàárín ojú méjì, gíláàsì kì í sì í tẹ̀. Bí ẹ bá fà á gbọọrọ, ó lágbára. Bí ẹ bá ṣí i láti ẹ̀gbẹ́ tàbí tẹ̀ ẹ́, á ṣẹ́ pẹ́ú. Títẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n. Kò ní àsìkò awọ rárá. Ègé tó bá gbà ní wíwọ́, wíwọ́ ló máa wà. Èéfín rẹ̀ tún máa ń gbẹ funfun sára ike tó yí i ká; lórí ẹ̀wọ̀n tí ẹ ti kùn, ẹ ó tún un kùn nìyẹn.

Mo ń lò ó fún nǹkan méjì péré nídìí ẹ̀wọ̀n polystyrene. Èkíní, láti dì í mọ́ orí wíìlì níbi tó bá ń gbókè, ní ìparí iṣẹ́, èyí tó ki bíi jẹ́ẹ̀lì. Èkejì, láti fi mú ègé kan tó já lẹ́yìn tí ọ̀dà ti gorí, nítorí gúlù ike kò lè gba inú ọ̀dà kọjá dé ara ike.

Ìkìlọ̀ kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ: ọ̀pọ̀ ń fi òwú ki sábẹ́ mọ́dígáàdì kí ẹ̀wọ̀n lè tẹ̀ sísàlẹ̀. Súpà gúlù àti òwú kò gbọdọ̀ pàdé. Bí ó bá kán sórí òwú, ooru ńlá ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè jó yín lọ́wọ́, ó lè rú èéfín, ó sì lè yọ́ ike tó wà nítòsí. Fóòmù ni kí ẹ lò.

*

Ẹlẹ́sẹ̀irin

Mo gba ti òwú. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n irin àti ti rẹ́sìnnì ńkọ́? Gúlù ike yín kò wúlò níbẹ̀.

*

Abẹ́rẹ́

Kò wúlò, ẹ sọ òótọ́. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀, rẹ́sìnnì ni. Gúlù ike kò lè yọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ irú tó ń ká, tí ègé ń wọnú ègé fúnra wọn, ẹ má fi gúlù kankan sí i rárá. Bí ó bá ní pín-ìn-ì tí ẹ ó tì bọ inú rẹ̀, ẹ kán súpà gúlù tó ki sórí pín-ìn-ì níbi ìdí rẹ̀ nìkan, lẹ́yìn tí ó ti wọlé dé ibi tó kù mìlímítà kan. Èyí tó ṣàn kò dára níbẹ̀. Á fà wọnú ihò, oríkèé á sì gan títí ayé.

Ti irin nìyí. Ihò ègé irin máa ń dí díẹ̀ láti inú mọ́ọ̀dì. Ẹ fi irin ìluhò mìlímítà 0.5 là á kí ẹ tó ti wáyà bọ̀ ọ́. Gé wáyà kí ó kúrú ju ìbú ègé lọ díẹ̀, kí gúlù lè ní ihò kékeré tó máa dí lẹ́nu. Gúlù funfun tí wọ́n fi ń lẹ igi tilẹ̀ tó fún ìyẹn, nítorí wáyà kò ní ohun tó ń fà á. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí gúlù funfun bá ṣèèṣì wọlé, omi á tú u. Ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá fẹ́ fi oògùn sọ irin di dúdú: ibi tí súpà gúlù bá kàn kò ní dúdú, yóò máa dán bí ojú ẹja. Ẹ fi acetone nù ún kúrò kí ẹ tó rì í.

*

Alábẹ́tẹ́lẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má gbàgbé àwa tí ẹ̀wọ̀n wa jẹ́ rọ́bà alápapọ̀. Ìpẹ̀kun méjèèjì kì í dúró pọ̀. Súpà gúlù mú un fún ọjọ́ kan, ó já.

*

Onísùúrù

Rọ́bà wọ̀nyẹn ò jọra. Ti àtijọ́ tó rọ̀ bí bàtà sílípáàsì, PVC ni púpọ̀ nínú wọn, gúlù ike kò ran án. Ẹ fi irin gbígbóná yọ́ orí ìka tó gba inú ihò, bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó lórí, tàbí ẹ fi okùn ìránṣọ rán an láti inú, níbi tí wíìlì máa bò. Súpà gúlù á mú un bí ẹ kò bá tún tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni pé ẹ kọ́kọ́ fi sí wíìlì, kí ẹ tó kán gúlù sí ìsopọ̀ náà.

Àwọn kan tó jẹ́ ti ìgbàlódé, irú DS tí ilé iṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì Dragon ń ṣe, ń gba gúlù ike lásán. Ìwé ìtọ́ni á sọ ọ́. Ìdánwò Abẹ́rẹ́ á sì tún sọ ọ́ bí ìwé bá sọnù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nípa PVC: èròjà tó ń mú un rọ̀ máa ń jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kan wíìlì polystyrene tí kò ní ọ̀dà lára, lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, wíìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ níbi tí wọ́n ti kanra. Gúlù kọ́ ló fà á. Ẹ kun wíìlì, ẹ kun inú ẹ̀wọ̀n, kí ẹ tó so wọ́n pọ̀. Má sì fà á le jù. Bí ó bá le, á fa wíìlì eléyín wọ́, ọ̀pá rẹ̀ á sì ṣẹ́.

*

Oníbèéèrè

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ṣe ìdánwò: ó dán, ó sì fa okùn. Polystyrene ni. Ṣùgbọ́n ìjà Onísùúrù àti Ìkánjú kò tíì parí fún mi. Ègé ẹ̀wọ̀n 96 ní ẹ̀gbẹ́ kan ni mo ní. Èwo ni kí n fi ṣe é?

*

Onísùúrù

Méjèèjì. Èyí tó ki ló ń tò ó, èyí tó ṣàn ló ń tì í lẹ́yìn. Bí mo ṣe rí i nìyí, ẹ sì lè bá mi jiyàn.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú wíìlì eléyín. Apá méjì ló ní, eyín apá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ fi gúlù tó ki lẹ̀ wọ́n, kí ẹ sì gbé ègé ẹ̀wọ̀n mẹ́rin lé e lórí kí ó tó gan; bí ẹ̀wọ̀n bá jókòó láìfì, eyín ti dọ́gba. Bí ẹ bá fo èyí, kò sí gúlù tó máa gbà yín. Wíìlì eléyín àti wíìlì ẹ̀yìn (èyí tí ẹ̀wọ̀n yí po ní ìdí táńkì) kò gbọdọ̀ ní gúlù lára ọ̀pá wọn fún ìsinsìnyí, nítorí a máa yọ ẹ̀wọ̀n kúrò láti kùn ún.

Ẹ gé gbogbo ègé, ẹ fi sanpépà 600 pa ìdí ibi tí wọ́n ti gé kúrò lára férémù. Ìdí yẹn ló ń fi ìdá mẹ́wàá mìlímítà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kún oríkèé. Bí ojú inú ègé bá ní àmì róbótó láti ara mọ́ọ̀dì, ibi tó máa hàn nìkan ni kí ẹ dí. Èyí tó wà lábẹ́ mọ́dígáàdì tàbí lórí ilẹ̀, ta ló máa wò ó?

Tiger gidi ń fi ẹ̀wọ̀n kan ilẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 3.6, ìyẹn ègé bíi 28. Ẹ tò wọ́n gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ rúlà, ẹ lo gúlù olómi, ẹ jẹ́ kó gan pátápátá. Kò sí ohun tó fẹ́ tẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà ọ̀nà Ìkánjú ló dára jù fún un. Kí rúlà má kan oríkèé gan-an o, nítorí gúlù olómi á fà sábẹ́ rẹ̀, á lẹ ẹ̀wọ̀n mọ́ rúlà. Bákan náà ni téèpù: ẹ kan gúlù láti òkè, kí ó má ṣàn dé ibi tí ó ti lẹ̀ mọ́ téèpù, nítorí ìlà téèpù á tẹ̀ sára ike.

Ègé 68 ló kù. Ẹ pín wọn sí méjì, 34 síwájú, 34 sẹ́yìn, kí wọ́n pàdé lókè lábẹ́ mọ́dígáàdì. Ẹ fi gúlù tó ki to 34 àkọ́kọ́. Bí ègé kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 15, ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ wá gbé ìpẹ̀kun kan sókè. Bí oríkèé bá ṣí, kò tíì yá. Bí ẹ̀wọ̀n bá dúró gbọnrangandan bí rúlà, ó ti pẹ́ jù. Bí ó bá tẹ̀ kọ̀rọ̀ láìṣí, ẹ gbé e mọ́ wíìlì eléyín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi eyín, kì í ṣe láti ìpẹ̀kun. Ibi tí eyín bá wọ̀ ni kò ní yẹ̀. Ìyókù á tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóòmù tẹ ibi tó yẹ kó wọlẹ̀. Wákàtí 24. Ọjọ́ kejì ni gúlù olómi tún wọlé: kan inú oríkèé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ló ń sọ ọ́ di irin.

*

Ìkánjú

Èyí mo gbà, àfi ìṣẹ́jú 20 sí 30 yẹn. Kò sí ẹni tó lè fi aago sọ ọ́. Inú yàrá gbígbóná, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí tábìlì, ìṣẹ́jú 12 ti tó. Ìgò tó ti wà ní ṣíṣí fún ọdún kan ti ki ju ti tuntun lọ, àkókò rẹ̀ kò ní bá ti tuntun mu. Ẹ to ègé mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú gúlù kan náà, ní àkókò kan náà, kí ẹ máa fi wọn dánwò. Ẹ má fi ẹ̀wọ̀n gangan dánwò.

Tí ìgò bá ti ki jù, ẹ kán gúlù olómi díẹ̀ sínú rẹ̀, kó máa bá a lọ. Ẹ sì wá ohun tó máa di ìgò mú lórí tábìlì. Ìgò mìlímítà 40 tó bá dojú dé ti ba mọ́dẹ́ẹ̀lì jẹ́ nìyẹn.

*

Abẹ́rẹ́

Mìlílítà, ẹ̀gbọ́n. Ìgò mìlímítà 40 á nira láti rí.

*

Ìkánjú

Ẹ ti mú mi.

*

Alábẹ́tẹ́lẹ̀

Báwo la ṣe ń mọ ibi tó yẹ kó wọlẹ̀? Àwọn kan ń tẹ gbogbo ẹ̀wọ̀n bí okùn ìsáṣọ.

*

Onísùúrù

Èyí kan gúlù, nítorí ẹ̀wọ̀n tí kò ní wọlẹ̀ kò nílò àsìkò awọ gígùn lókè.

Tiger, Panther àti T-34 kò ní róólà (wíìlì kékeré tó ń gbé ẹ̀wọ̀n) lókè, orí wíìlì ńlá ni ẹ̀wọ̀n ń sùn lé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kan orí àwọn wíìlì náà, kí ó wá gbéra lọ sí wíìlì eléyín lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Kí ó má léfòó! Ẹ̀wọ̀n tó léfòó lórí wíìlì ni àṣìṣe tí ojú kọ́kọ́ ń rí. Panzer IV, ègé 99, ní róólà mẹ́rin. Á wọlẹ̀ díẹ̀ láàárín wọn. Sherman, ègé 79 (83 bó bá jẹ́ M4A4 tó gùn), ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ń le. Rọ́bà tó wà nínú oríkèé rẹ̀ kì í jẹ́ kó tẹ̀ bí ẹní. Ẹ fà á gbọọrọ, gúlù olómi tó fún púpọ̀ nínú rẹ̀.

T-34 ní ẹ̀tàn kan: ègé 72, eléyín kan, pẹlẹbẹ kan, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa tò ó. Lórí T-34, wíìlì tó ń fa ẹ̀wọ̀n wà lẹ́yìn, eyín àárín ẹ̀wọ̀n ló sì ń gbá mú. Bí ẹ bá ṣèèṣì to pẹlẹbẹ méjì tẹ̀ léra, láti ibẹ̀ lọ kò sí eyín kan tó máa bọ́ sí àyè rẹ̀, gúlù sì ti gan. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ṣí ìgò.

*

Ẹlẹ́sẹ̀irin

Ẹ̀wọ̀n ike tó ń ká ńkọ́, tó ní pín-ìn-ì kékeré lọ́tọ̀? Mo rí àwọn tó gan pátápátá.

*

Abẹ́rẹ́

Gúlù pọ̀ jù ni. Gúlù olómi, búrọ́ṣì tín-ín-rín jù lọ, ẹ nu orí rẹ̀ sí ẹnu ìgò títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Orí pín-ìn-ì níta nìkan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ká ẹ̀wọ̀n síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kí èyí tó bá fẹ́ lẹ̀ níbi tí kò yẹ lè tú. Ẹ má lo èyí tó ki níbẹ̀ láé.

*

Oníbèéèrè

Mo tò ó bẹ́ẹ̀. Apá iwájú jókòó láìjá rárá. Méjì ni mo fẹ́ bi yín. Ìgbà wo ni mo lè kùn ún? Èkejì: apá iwájú àti ẹ̀yìn pàdé lókè, ṣùgbọ́n àlàfo ìdajì ègé ló wà láàárín wọn. Ṣé kí n fi gúlù dí i?

*

Ìkánjú

Kíkùn: gúlù olómi, ọjọ́ kan. Èyí tó ki, ọjọ́ méjì ó kéré tán. Bí omi gúlù bá ṣì wà nínú, ọ̀dà á sán lójú oríkèé.

*

Onísùúrù

Ẹ má fi gúlù dí i, ẹ má sì fà á kí ó pàdé. Ọ̀pá wíìlì ẹ̀yìn ni kí ẹ yí. Lórí táńkì gidi náà, wíìlì yẹn ni wọ́n fi ń mú ẹ̀wọ̀n le tàbí dẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá tíì lẹ apá rẹ̀ mọ́ ara táńkì, ẹ yí i síwájú díẹ̀ kí ìpẹ̀kun méjèèjì lè súnmọ́ra. Bí apá méjèèjì bá ti gan jù láti bá a rìn, ẹ fi gúlù olómi rọ oríkèé mẹ́ta mẹ́rin lókè, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí ó bá tún ku àlàfo, ẹ yí wíìlì padà sẹ́yìn títí àlàfo yóò fi tó ègé kan gbáko, kí ẹ fi ègé tó ṣẹ́kù lára férémù sí i.

Kí ẹ lẹ apá wíìlì náà níkẹyìn, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kejì bá ti parí, nítorí bí ti ọ̀tún bá yí síwájú tí ti òsì yí sẹ́yìn, ẹni tó bá wo táńkì láti ẹ̀yìn á rí i.

*

Oníbèéèrè

Ó pàdé. Mo yí ọ̀pá sẹ́yìn, ègé 97 ló gbà. Mo mọ̀ pé 96 ló yẹ.

*

Abẹ́rẹ́

Oríkèé tó súnmọ́ra jù nígbà tó ṣì rọ̀, tàbí wíìlì ẹ̀yìn tí ẹ yí sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì gba 97 náà, mọ́dígáàdì á bò ó.